Bí Ẹ Ṣe Lè Pe Orúkọ Ọmọ Yín: Ìdáhùn fún Bàbá Noxolo

Òǹkàwé kan tó ń gbé ní ìlú Gqeberha, ní Gúúsù Áfíríkà, kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú síbí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọmọ Xhosa ni ìyàwó mi. Ìyá ìyàwó mi ló sọ ọmọ wa obìnrin ní Noxolo. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, mi ò sì tíì lè pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. 'Nokolo' ni mo ń pè é, nígbà mìíràn 'Nosolo'. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu mi, ó ní orúkọ òun kọ́ nìyẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ta ìró x yẹn, tí wọ́n ń pè ní kílíìkì, lẹ́nu? Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tí wọn ò bí sínú rẹ̀ kò lè ṣe é? Ibo ni wọ́n tiẹ̀ ti rí i, nígbà tí wọ́n ní èdè wọn àti tiwa bára tan?"

Bàbá Noxolo, ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí, àmọ́ ibi tí ọmọ ti fi ọwọ́ bo yín lẹ́nu ni ọkàn mi dúró sí. Nílẹ̀ wa, a kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú orúkọ ọmọ. Torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀: ẹ máa pè é. Ẹnu tí ẹ fi ń pe "gbogbo" àti "pákí" ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà láti kékeré.

Ẹ pe "gbà" pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ dá a dúró kí fáwẹ́lì tó jáde. Ẹ ó rí i pé ètè méjèèjì ti pàdé. Ẹ wá fọkàn sí ẹ̀yìn ẹnu: ẹ̀yìn ahọ́n náà ti lọ lẹ̀ mọ́ àfàsé, ìyẹn ibi rírọ̀ tó wà lókè nítòsí ọ̀nà ọ̀fun. Ilẹ̀kùn méjì lẹ tì pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó mú kí àwọn olùkọ́ èdè wa máa pe p àti gb ní àfàséfètèpè nìyẹn. Òyìnbó tí kò ní irú rẹ̀ lédè rẹ̀ a pín in sí méjì, a ní "Gubénga". Bí kò bá pín in, a ju ọ̀kan nù, a ní "Bénga". Ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe sí orúkọ ọmọ yín gan-an nìyí. Nígbà tí ẹ bá ní "Nokolo", ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ tì, ẹ gbàgbé ti iwájú. Nígbà tí ẹ bá ní "Nosolo", ti iwájú lẹ sún mọ́, ẹ gbàgbé ti ẹ̀yìn. Etí yín ń gbọ́ nǹkan méjèèjì. Ẹnu yín ló ń mú ọ̀kan ṣoṣo.

Ìró tí wọ́n ń pè ní kílíìkì, tí Xhosa ń fi lẹ́tà c, q àti x kọ, ilẹ̀kùn méjì náà ni. Ti ẹ̀yìn wà níbi kan náà pẹ̀lú gb tiwa. Ti iwájú, ahọ́n ló sábà ń tì í, ní eyín tàbí ní àjà ẹnu. Afẹ́fẹ́ kékeré a há sáàárín wọn. Àárín ahọ́n a wá rọ̀ wálẹ̀ bí ti ọmọ tó ń fa ọmú, àyè tí afẹ́fẹ́ há sí a fẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì fẹ́lẹ́. Bí ilẹ̀kùn iwájú bá ṣí lójijì báyìí, afẹ́fẹ́ ìta a rọ́ wọlé, ìró a ta. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró kò lọ́wọ́ sí títa yẹn rárá. Ẹ dán an wò: ẹ máa kùn "mmm" láti imú láìdánudúró, kí ẹ sì máa fi ahọ́n ta ìró lẹ́nu. Ìkùn yẹn kò ní já. Xhosa àti Zulu ń lo èyí gan-an, òun ni wọ́n ń kọ ní nc, nq àti nx.

Fífa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ahọ́n láìmí kò ṣàjèjì sí wa náà. Bí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀ lọ, ẹ ó pòṣé. Òṣé yẹn, afẹ́fẹ́ tí ahọ́n ń fà wọlé ni, àmọ́ ó ń yọ́ wọlé ní fííííí, ó ń gùn. Kílíìkì ń já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá sì gbọ́ ìròyìn ikú ọ̀dọ́, ahọ́n wa a lu ẹ̀yìn eyín lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí a tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyẹn àti c ti Xhosa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwa fi ń káàánú, a fi ń bínú, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀. Àwọn fi í sínú ọ̀rọ̀, ó wá di lẹ́tà bíi b àti d. Ukucela ni kí ènìyàn tọrọ nǹkan. Ukuxela ni kó sọ nǹkan fúnni. Ukuqhela ni kí nǹkan mọ́ni lára. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan pè fún èkejì ti sọ ohun mìíràn pátápátá, bí ẹni tó fẹ́ sọ pé òun ra ọkọ̀ tó wá sọ pé òun ra ọkọ́.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Cape, ní ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, fi èdè àwọn Khoekhoe, onílẹ̀ ibẹ̀, wé igbe tòlótòló, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Títí dòní ni mo ṣì ń rí àwọn ọmọ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi fídíò àwọn tó ń sọ Xhosa ṣe ẹ̀rín, bí ẹni pé idán ni wọ́n ń pa. Èdè tí wọ́n ń fi gbàdúrà, tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́, tí ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni. Nínú ìkànìyàn 2022 ní Gúúsù Áfíríkà, ó lé ní ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú tó ń sọ Xhosa nílé. Zulu ju ìdá mẹ́rìnlélógún lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pe x. Ẹ fi orí ahọ́n kan èrìgì òkè, níbi tí ẹ ti ń pe l nínú "ilé". Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n méjèèjì lẹ̀ mọ́ eyín, kí ẹ̀yìn ahọ́n gòkè bí ẹni tó fẹ́ pe k. Ẹ fà á bí ẹni tó fẹ́ pòṣé, àmọ́ kí orí ahọ́n má kúrò níbi tó wà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ já sílẹ̀, lápá eyín ẹ̀yìn. Ìró tí ẹ máa gbọ́ ni èyí tí àwọn agẹṣin fi ń sọ fún ẹṣin pé kó tẹ̀ síwájú.

Ọmọdé tó ń ṣeré lè ta ìró yẹn. Ibi tó le ni kí fáwẹ́lì tẹ̀ lé e láìsí àlàfo. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti bá ṣe é, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọsẹ̀: wọ́n a ní "No", wọ́n a dúró, wọ́n a ta ìró, wọ́n a tún dúró, kí wọ́n tó ní "olo". Ẹni tó ń gbọ́ wọn a rò pé nǹkan já bọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ rántí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òun ló ń kẹ́yìn ṣí, tààrà sínú fáwẹ́lì. Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú x; ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "oko". Ẹ pè é léraléra, kí ẹ̀yìn ahọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá máa gbé ìró ẹ̀gbẹ́ ahọ́n lé k náà lórí: oko, oko, oxo, oxo. Lọ́jọ́ tí k bá rì sábẹ́ x, tí ẹ kò gbọ́ ọ lọ́tọ̀ mọ́, ẹ ti dé.

Àwọn méjì tó kù kò ní yọ yín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Fún c, orí ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín iwájú. Fún q, ó lọ sẹ́yìn èrìgì, ó wá já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó ń dún pọ́ bíi ìdérí ìgò tó yọ. Lẹ́tà mẹ́ta péré nìyí, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́fà ni Xhosa ń gbà pe ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó lè wá lásán, èémí lè tẹ̀ lé e, tán-án-ná, ìyẹn ohun tó ń gbọ̀n nínú ọ̀fun nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, lè máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ó lè gba imú kọjá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di 18. Kọ́ńsónáǹtì Yorùbá lódindi, láti b títí dé y, 18 náà ni. Ukucola ni kí a lọ nǹkan kúnná, ukuchola ni kí a ṣa nǹkan nílẹ̀, ukungcola ni kí nǹkan dọ̀tí. Xh tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Xhosa fúnra rẹ̀, x ti ọmọ yín náà ni, èémí ló tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú tí ẹ ń gbé kún un. Port Elizabeth ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni ìjọba kéde Gqeberha, orúkọ tí àwọn Xhosa ń pe odò Baakens. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yarí nígbà náà pé orúkọ náà kò ṣeé pè, bí ẹni pé àwọn onílé tó ti ń pè é kì í ṣe ènìyàn. G iwájú yẹn, ẹ má pè é lọ́tọ̀. Àmì ni pé tán-án-ná ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ q, ohùn fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e a sì wálẹ̀. Etí Yorùbá á tètè gbọ́ ìyẹn, torí èdè olóhùn ni Xhosa àti Zulu bíi tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Rh tó wà nípàrí dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ha ọ̀fun.

Ìbéèrè yín kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Òótọ́ ni pé a bára tan. Ẹ̀ta tiwa, thathu tiwọn ni. Ìdílé Niger-Congo kan náà ló bí wa, àwọn baba ńlá àwọn tó ń sọ èdè Bantu, tí Xhosa, Zulu, Swahili àti Lingala wà lára wọn, sì gbéra láti agbègbè ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ní nǹkan bí 4,000 sí 5,000 ọdún sẹ́yìn. Wọn kò gbé kílíìkì kankan dání kúrò nílé. Swahili kò ní i, Lingala kò ní i. Ìsàlẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bá a, lẹ́nu àwọn onílẹ̀: àwọn Khoekhoe tó ń da màlúù àti àgùntàn, àti àwọn San tó ń ṣọdẹ. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń kó èdè gbogbo àwọn wọ̀nyí pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, Khoisan. Àwọn onímọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà mọ́ pé ìdílé kan ni wọ́n. Ìdílé mẹ́ta ló wà ní gúúsù, Khoe-Kwadi, Kx'a àti Tuu, tí Hadza àti Sandawe ní Tanzania sì dá dúró.

Báwo ni ìró ṣe ń kúrò lẹ́nu ìran kan bọ́ sẹ́nu ìran mìíràn? Ìgbéyàwó ni. Àwọn ọkùnrin Bantu fẹ́ obìnrin Khoekhoe àti San, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i lónìí pé ìlà ìyá ọ̀pọ̀ Xhosa àti Zulu lọ kan àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Ìyá ló sì ń kọ́ ọmọ lédè.

Àṣà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní hlonipha, tó máa yé Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní agbo ilé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó ń fún wọn lórúkọ tirẹ̀: Adúmáadán, Ìbàdíàràn, Akọ̀wé. Tiwọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí pé ìyàwó kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ pe sílébù tó wà nínú orúkọ náà, ìbáà jẹ́ inú ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà. Ká ní a ń ṣe é nílé wa, tí bàbá ọkọ ń jẹ́ Kọ́lá, ìyàwó kò ní lè sọ pé wọ́n ń kọ́ ilé tàbí pé òun ń kọ́ ọmọ níwèé. Á ní láti fi ìró mìíràn rọ́pò k. Ìró wo ló wà nítòsí, tí kò sí nínú orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ? Kílíìkì tó ti gbọ́ lẹ́nu ìyálé tàbí ìyá ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀nà yìí ni kílíìkì gbà wọnú ọ̀rọ̀ Bantu tí ẹnikẹ́ni kò yá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ lójú mi, hlonipha kàn la ọ̀nà ni; àwọn obìnrin Khoekhoe tó wà nínú ilé ni orísun.

Ohun tó sì fi hàn mí pé àjọgbé náà jinlẹ̀ ni pé uThixo, orúkọ tí Bíbélì Xhosa ń pe Ọlọ́run, láti èdè Khoekhoe ló ti wá. Igqirha, tó jẹ́ adáhunṣe wọn, ibẹ̀ náà ló ti wá. Zulu gba lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bíi Xhosa. Sesotho, èdè àwọn ará Lesotho, mú q nìkan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń gbọ́ ọ nínú orúkọ Qwaqwa, agbègbè kan ní Gúúsù Áfíríkà. Bí ènìyàn bá gòkè lọ sí odò Okavango, ó tún máa bá àwọn Bantu díẹ̀ pàdé tí wọ́n ní i, bíi Yeyi.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tó jẹ́ c, q àti x. Àwọn míṣọ́nnárì tó ń kọ Xhosa sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820 sókè ló rí i pé k àti s ti ṣe iṣẹ́ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, wọ́n wá fi wọ́n síbi tí iṣẹ́ wà. Ní Namibia, ọ̀tọ̀ ni ti Khoekhoe: ǀ, ǁ, ǃ àti ǂ ni wọ́n ń kọ. Ọgbọ́n Lepsius, onímọ̀ ará Jámánì, ni àwọn ọ̀pá ìdúró wọ̀nyẹn ti bẹ̀rẹ̀, nínú ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì tó gbé jáde láàárín ọdún 1850 sí 1860. Ìlànà yẹn kan náà ni ìjọ CMS tẹ́wọ́ gbà fún àwọn èdè Áfíríkà, òun sì ni àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ tiwa bá tan. Mo máa ń rántí èyí nígbàkigbà tí mo bá rí orúkọ ẹkùn ǁKaras, tí ìjọba Namibia dá ọ̀pá méjì padà síwájú rẹ̀ ní 2013.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa Xhosa, kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó ni ín. Khoekhoe ní kílíìkì 20. Juǀ'hoan, èdè San kan, ní 48. Nínú èdè Taa ní Botswana, kílíìkì ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tó ní in jù yìí náà ni wọ́n pa run jù. Ọ̀rọ̀ tó wà lára àmì àṣẹ Gúúsù Áfíríkà láti ọdún 2000 ni ǃke e: ǀxarra ǁke, tó ń rọ àwọn ènìyàn tó yàtọ̀ síra láti ṣọ̀kan. Èdè ǀXam, ọ̀kan lára èdè àwọn San, ni, kò sì sí ẹni tó ń sọ ǀXam mọ́ láyé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù nínú rẹ̀ wà nínú ìwé tí àwọn onímọ̀ èdè Wilhelm Bleek àti Lucy Lloyd kọ ní Cape Town, ojú ewé rẹ̀ lé ní 12,000. Ẹlẹ́wọ̀n ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ǁKabbo, gbé ilé Bleek láti 1871 sí 1873, ó ń sọ ìtàn ìran rẹ̀ fún wọn kí ó má bàa parun.

Nǀuu, èdè San mìíràn, ṣì wà, ṣùgbọ́n lẹ́nu ènìyàn kan ṣoṣo. Màmá Katrina Esau, tí wọ́n bí ní 1933, ni ẹni ìkẹyìn tí a mọ̀ tó ń sọ ọ́ geere. Ní oko tó dàgbà sí, wọ́n ń dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n má sọ ọ́. Ó wá sọ ilé ara rẹ̀ ní Upington di ilé ẹ̀kọ́, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní Nǀuu, títí kan ʘ, kílíìkì tí ètè méjèèjì ń ta bí ìgbà tí a bá fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Ìjọba fi oyè Baobab dá a lọ́lá ní 2014. Àwọn ọmọ yẹn kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn, wọ́n sì ń pè é. Ìdáhùn ìbéèrè yín kejì nìyẹn, Bàbá Noxolo, èmi kò ní ju ìyẹn lọ.

Ó ku orúkọ ọmọ. No ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ obìnrin. Uxolo ni àlàáfíà, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ tí Xhosa ń sọ bí wọ́n bá tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan pe oko, oxo nínú ilé ìwẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó síwájú ọmọ yín, kí ẹ ní kó pe orúkọ ara rẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí ẹ̀gbẹ́ tó ń mira. Bó bá ti pè é tán, kí ẹ̀yin náà sọ fún un pé: uxolo, Noxolo.